Ẹyẹ Kọ́ Ni Wọ́n Ń Rà: Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Ní Sítáǹpù Àtijọ́ Lọ́wọ́

Fọ́tò sítáǹpù ni àwọn gbájúẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Odídẹrẹ́ ló wà nínú rẹ̀, orúkọ Nàìjíríà wà lára rẹ̀, iye tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ 9d, ìyẹn sísì lé tọ́rọ̀ lówó ayé ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ tó ń bá fọ́tò náà rìn kì í yàtọ̀: "Daddy, 1966 ni o. Àwọn òyìnbó ń wá a lójú méjèèjì. Ẹ san ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà kí n bá yín dì í mú, ẹlòmíì ti ń bọ̀ lọ́nà." Bí wọn kò bá ní kí ẹ wá rà, wọ́n á ní kí ẹ wá tà. Ọmọkùnrin kan tó ti gbọ́ pé bàbá yín ṣiṣẹ́ ní P&T, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ayé ìgbà náà, á yà sílé, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní òun fẹ́ràn ẹyẹ púpọ̀, á wá bẹ Mama pé kí wọ́n kó gbogbo álíbọ́ọ̀mù náà fún òun ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kí ikán má baà jẹ ẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun. Wọ́n mọ̀ pé a kò mọ ohun tó ń sọ sítáǹpù di olówó. Àwa rò pé ẹyẹ tó rẹwà lára rẹ̀ ni, tàbí pé bó bá ṣáà ti pẹ́, ó ti di wúrà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ níbi ìtẹ̀wé, irú bébà tí wọ́n lò, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀, òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀, ẹni tó tẹ̀ ẹ́, iye tó ṣẹ́ kù láyé àti bí ara rẹ̀ ṣe dá tó, àwọn wọ̀nyí ló ń pe owó. Ẹyẹ kàn bá wọn jókòó síbẹ̀ ni.

Ẹ wo ti Western Australia. Láti 1854 ni wọ́n ti ń fi swan dúdú, ẹyẹ odò ọlọ́rùn gígùn kan, ṣe àmì sítáǹpù wọn. Ní 1855, nígbà tí wọ́n ń ṣètò sítáǹpù búlúù ti kọ́bọ̀ mẹ́rin lórí òkúta ìtẹ̀wé, wọ́n gbé férémù ọ̀kan kodò. Swan náà dúró dáadáa láàárín. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló dojú kọ ilẹ̀. Àwọn tí a mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù nínú irú rẹ̀ kò ju bíi 15 lọ ní gbogbo ayé, ẹni tó bá sì ní ọ̀kan lè fi kọ́lé. Èyí tí férémù rẹ̀ tọ́, tó jẹ́ swan kan náà, àwọ̀ kan náà, kọ́bọ̀ mẹ́rin kan náà, kò tó ìdá kékeré nínú owó yẹn. Bí ẹyẹ bá ni wọ́n ń rà ni, iye kan náà ni ì bá jẹ́.

Àdàbà Basel náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1845 ni ìlú Basel ní Switzerland gbé e jáde, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi Penny Black bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sítáǹpù láyé. Melchior Berri tó ń ya àwòrán ilé ló yà á: àdàbà funfun gbé lẹ́tà sẹ́nu, àwọ̀ dúdú, pupa àti búlúù yí i ká. 41,480 ni wọ́n tẹ̀. Ayédèrú àti àtúntẹ̀ rẹ̀ tó wà nígboro ò lóǹkà, ìwé ìrántí lóríṣiríṣi ló ti gbé àwòrán rẹ̀ jáde, àwọn kan sì ń gé e kúrò nínú ìwé bẹ́ẹ̀ láti fi tan ará ilé wọn. Ohun kan wà tí ayédèrú olówó pọ́ọ́kú kì í ní. Ara àdàbà yẹn kì í ṣe íńkì funfun. Bébà náà gan-an ni, tí wọ́n fi irin tì láti ẹ̀yìn títí tó fi wú sókè. Ẹ gbé e dání ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́: ti òótọ́ máa ń ní òjìji kékeré lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ dá a padà fún ẹni tó gbé e wá, kí ẹ sì kí i pé ó dàbọ̀.

Ti ilé wa ló tó sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1961, àgbìgbò kan ti wà lórí sítáǹpù Nàìjíríà ti sílè kan. Ṣùgbọ́n èyí tó kún inú àpótí àwọn bàbá wa ni ọ̀wọ́ ẹranko tí Maurice Fievet yà, tó jáde ní 1965 àti 1966. Kìnnìún wà lórí ẹ̀pìnnì, erin lórí kọ́bọ̀ kan, ẹfọ̀n lórí pọ́n-ùn kan. Àwọn ẹyẹ wà láàárín wọn: ẹyẹ wíńníwínní tí ń fa omi òdòdó lórí kọ́bọ̀ kan ààbọ̀, ẹ̀ga lórí kọ́bọ̀ méjì, àkọ̀ ńlá lórí sísì, odídẹrẹ́ lórí 9d, ẹyẹ apẹja lórí sílè kan, agùfọn lórí sílè kan àti tọ́rọ̀. Sítáǹpù ojoojúmọ́ ni gbogbo wọn. Òun ni ọmọ Èkó ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà tó ń kọ sí Iléṣà, òun ni ilé ìwé ń lẹ̀ mọ́ èsì ìdánwò, títí náírà fi rọ́pò pọ́n-ùn ní 1973. Nítorí náà, odídẹrẹ́ 9d tó ti ní òǹtẹ̀ lára kò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó pè é ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ń já yín lólè ni. Odídẹrẹ́ alààyè ló ti ń ṣọ̀wọ́n: láti 2017 ni àdéhùn àgbáyé ti fòfin de fífi èyí tí wọ́n mú nínú igbó ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Sítáǹpù rẹ̀ ṣì kún inú páálí.

Àmọ́ ẹ má tìtorí èyí da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ fi awò tí ń sọ nǹkan di ńlá wo etí funfun tó wà nísàlẹ̀ àwòrán, níbi tí lẹ́tà wẹ́wẹ́ wà. Ilé ìtẹ̀wé òkè òkun ló kọ́kọ́ tẹ ọ̀wọ́ yìí. Láti 1969 ni ilé iṣẹ́ tí ń tẹ owó wa nílé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ díẹ̀ nínú wọn, ó sì ń kọ N.S.P. & M. Co. Ltd sí ìsàlẹ̀ wọn. Ẹyẹ kan náà ni, iye kan náà ni, ṣùgbọ́n nínú ìwé àwọn tó mọ̀ ọ́n, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, owó wọn ò sì dọ́gba. Alágàbàgebè tó wá rà á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò ya èyí tó bá lówó lórí jù sọ́tọ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ọ̀wọ́n epo.

Ogun abẹ́lé ló tún fi ohun mìíràn kún un. Ní 1968, Biafra mú àwọn sítáǹpù ẹranko Nàìjíríà wọ̀nyí kan náà, wọ́n tẹ SOVEREIGN BIAFRA àti àmì ìjọba wọn lé wọn lórí, wọ́n sì ń lò wọ́n. Odídẹrẹ́ wà nínú wọn, agùfọn wà nínú wọn. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn olùkójọ ń wá káàkiri ayé, ibẹ̀ sì ni gbájúẹ̀ ti rí àyè. Ẹ rò ó wò: sítáǹpù tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ́n, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lé e ló lówó lórí. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré àti páálí odídẹrẹ́ kan ti ní ilé iṣẹ́.

Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá, tó sì ní òǹtẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka òǹtẹ̀ náà. Èyí tó kọ LAGOS 1966 sára, báwo ló ṣe rìn dé Biafra ọdún 1968? Ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n ń tà á bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ inú òǹtẹ̀ kò bá hàn dáadáa, ẹ wo ibi tí íńkì òǹtẹ̀ àti íńkì ọ̀rọ̀ náà ti pàdé. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ kí sítáǹpù tó dé ọwọ́ ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, nítorí náà òǹtẹ̀ ló yẹ kó wà lókè. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló gun òǹtẹ̀ lórí, a jẹ́ pé sítáǹpù ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ní pósọ́fíìsì kí ẹnìkan tó sọ ọ́ di ọmọ Biafra. Awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá tó fún iṣẹ́ yìí, kò sì wọ́n. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ rárá ló le jù. Ojú lásán kò ká a, ìwé ẹ̀rí ni ká bèèrè.

Ọgbọ́n kan tún wà tí mo kórìíra ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí pé oòrùn lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà mìíràn, bébà á gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá láìjẹ́ pé àwọ̀ kan kàn án. Àwọn olùkójọ ń san owó gidi lórí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Gbájúẹ̀ kò ní dúró de àṣìṣe. Yóò gbé sítáǹpù sórí fèrèsé fún oṣù mélòó kan, tàbí kó rẹ ẹ́ sínú kẹ́míkà, títí àwọ̀ tó rọ̀ jù nínú wọn á fi lọ. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ìkó odídẹ, wọ́n sì mọ bó ṣe ń pọ́n. Bí ẹnìkan bá wá gbé odídẹrẹ́ 9d tí ìrù rẹ̀ funfun síwájú yín, tó ní "àwọ̀ pupa ló sọnù níbi ìtẹ̀wé, Alhaji, ọ̀kan ṣoṣo ló wà", ẹ wo àwọ̀ búlúù tó kù. Níbi tí àwọ̀ kan bá ti sọnù lóòótọ́ nídìí ẹ̀rọ, àwọn yòókù máa ń tàn bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n tàn. Níbi tí oòrùn bá ti jẹ ẹ́, gbogbo wọn ló máa ń ṣá, bébà pàápàá á ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi awò wo ibi ìrù náà. Àmì tótòtó ni wọ́n fi ń tẹ irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀, oòrùn kì í sì í sábà jẹ gbogbo àmì náà tán. Ẹ ó rí ìyókù wọn tó ti di òféfèé níbi tí ẹni tó ń tà á ní kò sí ohunkóhun rí.

Ní ti àwọn aláràbarà tó kún inú álíbọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé, èyí tó ní ẹyẹ ńláńlá, àwọ̀ bíi mẹ́wàá, tí orúkọ Ajman, Umm al-Qiwain, Fujeira tàbí Sharjah wà lára wọn, ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Kí àwọn ìlú ọba wọ̀nyí tó di United Arab Emirates ní oṣù Kejìlá 1971, wọ́n ti bá àwọn oníṣòwò òkè òkun ṣe àdéhùn kí wọ́n máa tẹ sítáǹpù lórúkọ wọn. Ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ kò tó ti àdúgbò kan n'Íbàdàn ń gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún sítáǹpù jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fojú kan lẹ́tà rí. Equatorial Guinea ṣe irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, àwọn orílẹ̀-èdè bíi Poland àti Hungary náà sì ta púpọ̀ tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ mọ́ lára látilé. Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rọrùn: ẹ yí sítáǹpù náà padà. Bí òǹtẹ̀ bá wà níwájú rẹ̀, ní igun kan ṣoṣo, tó mọ́ fínnífínní, tí gọ́ọ̀mù sì wà lẹ́yìn rẹ̀ digbí, kò bá lẹ́tà rìn rí láyé. Ẹ fún ọmọ yín kó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó sítáǹpù jọ. Wọ́n rẹwà, wọ́n dára fún ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ, èmi gan-an fẹ́ràn wọn. Ẹ má ṣáà fi owó oúnjẹ rà wọ́n.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kì í ṣe sítáǹpù rárá. Staffa jẹ́ erékùṣù kan ní Scotland tí ẹnikẹ́ni kì í gbé, síbẹ̀ "sítáǹpù" ẹlẹ́yẹ rẹ̀ pọ̀ lọ súà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, kí ẹ la ojú yín sílẹ̀ pẹ̀lú: wọ́n ti fi orúkọ Benin tẹ ayédèrú tí ìjọba ibẹ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀, bí wọ́n ṣe fi ti Chad ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ lágbàáyé, UPU, ló ń kéde irú wọn, wọ́n sì ti ní ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní WNS láti 2002, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè tó dara pọ̀ mọ́ ọn ti ń forúkọ ojúlówó sítáǹpù wọn sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ti ọdún tó ṣáájú 2002 kò sí níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé òun rí odídẹrẹ́ 1966 lórí WNS.

Japan náà ní tirẹ̀. Sítáǹpù ẹlẹ́yẹ wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1875, mẹ́ta ni wọ́n: pẹ́pẹ́yẹ igbó lórí 12 sen, ẹyẹ tí ń ju ìrù lórí 15 sen, àṣá lórí 45 sen. Láyé ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ti ń ṣe àwòkọ wọn tà fún àwọn àlejò tó bá wọ Japan, àwọn tó sì ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fi lẹ́tà Japan méjì tín-ín-rín pamọ́ sínú àwòrán náà, tó ń sọ pé àfarawé ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ wọ́n sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èyí tó ń dé Nàìjíríà nínú ẹrù tòkunbọ̀ sábà máa ń jẹ́ àwọn àwòkọ yìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iye. Ìwé ńláńlá mẹ́rin ni àwọn olùkójọ ń gbé yẹ̀ wò jù: Stanley Gibbons ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scott ti Amẹ́ríkà, Michel ti Jámánì àti Yvert et Tellier ti Faransé. Sítáǹpù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ níbẹ̀, iye méjì sì wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan fún èyí tí wọn kò tíì lò, èkejì fún èyí tó ti ní òǹtẹ̀. Gbájúẹ̀ fẹ́ràn ìwé yìí púpọ̀. Yóò ṣí i, yóò fi ìka lé iye náà, yóò ní "ẹ wò ó fúnra yín." Ohun tí kò ní sọ ni pé iye èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni wọ́n kọ síbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fi iye ata tuntun ta ata tó ti jẹrà. Eyín etí rẹ̀ tó ká, igun tó tẹ̀, ojú ihò abẹ́rẹ́, àbàwọ́n pupa tí ọ̀rinrin fà, gọ́ọ̀mù tuntun tí wọ́n tún fi pa ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè jọ èyí tí wọn kò lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gé owó náà sí ìdá mẹ́wàá. Kò tún ní sọ pé iye tí alátẹ ń tà ló wà nínú ìwé, pé alátẹ kan náà kò ní ra ti yín ní iye yẹn láéláé. Iye tó kéré jù lọ nínú ìwé náà kì í tilẹ̀ ṣe iye sítáǹpù. Owó iṣẹ́ ni: owó pé alátẹ wá a jáde, ó fi sínú ọ̀rá, ó kọ nọ́ńbà sí i. Ẹni tó bá ka ẹgbẹ̀rún sítáǹpù olówó pọ́ọ́kú, tó fi iye yẹn sọ ọ́ di púpọ̀, tó wá rò pé òun ti lówó, ti ka owó tí kò sí.

Iye orí íntánẹ́ẹ̀tì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni lè gbé ẹyẹ sórí eBay kó pè é ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ìyẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni rà á. Àwọn èyí tí wọ́n ti rà tán ni kí ẹ wò. eBay fúnra rẹ̀ ní ibi tí ẹ ti lè yàn án kó fi kìkì àwọn tó ti tà hàn yín, àwọn ilé gbàǹjo ńláńlá náà sì máa ń gbé iye tí nǹkan lọ jáde. Bí ẹ bá wo odídẹrẹ́ 9d níbẹ̀, ara yín á balẹ̀.

Fún ohun tó bá lówó lórí, ìwé ẹ̀rí ni. Royal Philatelic Society London ní ìgbìmọ̀ tí ń yẹ sítáǹpù wò. Philatelic Foundation ní New York ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ń gba owó, wọ́n sì ń fi fọ́tò sítáǹpù náà sórí ìwé tí wọ́n bá fún yín. Fún sítáǹpù tí kò lówó lórí, owó àyẹ̀wò á pọ̀ ju sítáǹpù lọ, kò sí èrè níbẹ̀. Bí ẹni tó ń tà bá ti gbé ìwé ẹ̀rí wá, ẹ kà á délẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìwé ẹ̀rí lè sọ pé ayédèrú ni nǹkan náà. Ẹni tí kò kà á, tó kàn rí èdìdì àti ìfọwọ́sí, ti rò pé ó parí. Ẹ fi fọ́tò orí ìwé wé sítáǹpù ọwọ́ yín, eyín sí eyín, òǹtẹ̀ sí òǹtẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà rẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́.

Èyí tó wá léwu jù ni ti àwọn tó ń sọ pé kí ẹ fi owó ìfẹ̀yìntì yín ra sítáǹpù, pé àwọn á máa san èrè fún yín lọ́dọọdún, àwọn á sì rà á padà ní iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Spain. Iléeṣẹ́ méjì, Afinsa àti Fórum Filatélico, gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ń ta sítáǹpù fún wọn, wọ́n ń ṣèlérí pé àwọn á rà á padà pẹ̀lú èrè. Ohun tí wọ́n fi ń san èrè ẹni àná ni owó ẹni tó ń wọlé lónìí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ọlọ́pàá já wọ àwọn ọ́fíìsì wọn. Àwọn tí owó wọn há síbẹ̀ lé ní 350,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn sítáǹpù náà wò, owó tó wà lórí wọn kò sún mọ́ èyí tí wọ́n gbà. Ẹni tó bá rántí oṣù Kejìlá ọdún 2016 nílẹ̀ wa, bí ètò ìsọwódilọ́po MMM ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ owó Kérésì àwọn èèyàn, kò nílò àlàyé púpọ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣèlérí èrè lórí sítáǹpù. Láàárín 1979 sí 1980, owó sítáǹpù gun òkè rọ́rọ́ lágbàáyé, àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa sítáǹpù tẹ́lẹ̀ ń rà á bí ẹni ra ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó já, ọ̀pọ̀ wọn kò sì rí owó wọn mọ́.

Kí a wá sọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí nǹkan ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má gé sítáǹpù kúrò lára ànfílọ́ọ̀pù. Àwọn ọmọ tó ń palẹ̀ ẹrù bàbá mọ́ ló ń ṣe èyí jù: wọ́n á yọ ẹyẹ, wọ́n á da ànfílọ́ọ̀pù nù. Ànfílọ́ọ̀pù odindi, pẹ̀lú àdírẹ́sì àti òǹtẹ̀ ìlú kékeré kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́, lè lówó lórí ju sítáǹpù tó wà lára rẹ̀ lọ ní ìlọ́po. Ti àsìkò ogun ńkọ́? Ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ẹ má rẹ ohunkóhun sómi, íńkì mìíràn wà tí omi ń ṣí. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, á di àbàwọ́n lára bébà, kò sì ní kúrò mọ́. Álíbọ́ọ̀mù ọlọ́rá rírọ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi fọ́tò ìgbéyàwó sí láyé ọjọ́un, ọ̀rá PVC ni ọ̀pọ̀ wọn, ó máa ń sun nǹkan olómi sára sítáǹpù. Ẹ̀mú kékeré ni wọ́n fi ń mú un, ọwọ́ wa ní òróró. Nígbà òjò, gọ́ọ̀mù tí wọn kò tíì lò á lẹ̀ mọ́ ohun tó bá wà níwájú rẹ̀. Aáyán sì fẹ́ràn gọ́ọ̀mù yẹn ju búrẹ́dì lọ. Ibi gbígbẹ, òkùnkùn, tó ga kúrò nílẹ̀, lẹ fi wọ́n sí.

Bí ọmọkùnrin tó fẹ́ràn ẹyẹ yẹn bá wá dé, ẹ fún un lómi mu. Ẹ má fún un ní álíbọ́ọ̀mù kó máa ṣí i nìkan. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ti ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan ṣáájú, iwájú àti ẹ̀yìn, kí wọ́n kọ iye tó wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé èwo ló fẹ́ rà nínú wọn, èló ló máa san lórí ìyẹn nìkan, kí ẹ má ta odindi nítorí ẹyọ kan. Bó bá tọ́ka sí ọ̀kan, òun gan-an ni kí ẹ ya sọ́tọ̀, kí ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé, kí ẹ sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ó kéré tán ilé gbàǹjo méjì tí kò mọ ara wọn kí ẹ tó dá a lóhùn. Bó bá ní òun kò lè dúró tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ dá a lóhùn pé àpótí náà ti wà nílé láti ayé Gowon, ó lè dúró.